Ta Ló Máa Ṣe É, Ìgbà Wo Sì Ni? Ohun Tí Akọ̀wé Ìpàdé Rí Lára Àwọn Aláṣẹ Yunifásítì

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn dínì àti olórí ẹ̀ka tuntun sọ nìyí. Mo ti gé e kúrú díẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kà á.)

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọdún 19 ni mo fi kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ní yunifásítì kan tí mi ò ní dárúkọ. Iṣẹ́ akọ̀wé ni kó dákẹ́. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n á máa jiyàn, Gíwá á máa fi pẹ́ńsù lu tábìlì, èmi á tẹrí ba, màá máa kọ. Téèyàn bá dákẹ́ pẹ́ tó nínú yàrá kan, á mọ ibi tí omi ń gbà wọlé.

Omi gan-an ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Òrùlé ọ̀kan nínú àwọn láàbù wa ń jò. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé, gbogbo wa gbà pé ó yẹ ká tún un ṣe, mo sì kọ ọ́ báyìí: "Ìpàdé fẹnu kò pé kí àwọn tọ́rọ̀ kàn tètè wá nǹkan ṣe sí òrùlé náà." Lọ́dún kejì, ọ̀rọ̀ náà tún jáde, mo sì tún kọ gbólóhùn kan náà. Lọ́dún kẹta, kí n má parọ́ fún yín, mi ò tiẹ̀ ronú kọ ọ́ mọ́. Mo dà á kọ látinú ti èṣí, mo pààrọ̀ déètì. Láàárín gbogbo àkókò yẹn, kò sẹ́ni tó ta ko ọ̀rọ̀ náà, owó sì wà nílẹ̀. Síbẹ̀, tí ojú ọjọ́ bá ti ṣú báyìí, olùtọ́jú láàbù á sáré fa ọ̀rá dúdú yọ, á fi bo máíkírósíkóòpù mẹ́fà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á sì gbé báàfù sí àárín yàrá.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà sú mi, mo lọ wádìí rẹ̀. Ìwádìí náà kò gbà ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni láàbù ní òun ń retí ẹ̀ka tó ń tún ilé ṣe. Àwọn yẹn ní kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí àwọn. Búsà, ìyẹn olùtọ́jú owó yunifásítì, ní òun ò lè san owó tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níjòókòó nígbà tí a ń fẹnu kò, lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì gbà tọkàntọkàn pé ẹlòmíràn ni "àwọn tọ́rọ̀ kàn".

Ohun tí mo bá wá síbí kò ju ìyẹn lọ. À ń ṣe bí ẹni pé inú yàrá ìpàdé la ti ń pinnu bí yunifásítì ṣe máa rí. Ní tèmi, ẹni tó kọ ìwé tí a jíròrò lé lórí ti pinnu ìdajì rẹ̀ kí a tó jókòó. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀, tàbí tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ká kọ́kọ́ sọ ti ẹni tó láṣẹ lórí kí ni, nítorí ìjà yẹn ti pẹ́. Ní Bologna, ní Ítálì, nígbà tí yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí láyé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kó ara wọn jọ, àwọn ló ń gba olùkọ́ síṣẹ́, wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé olùkọ́ tó bá pẹ́ dé. (Mo rí i pé inú àwọn kan ò dùn sí èyí.) Ní Paris, àwọn olùkọ́ ló ní ẹgbẹ́ tiwọn. Ọ̀pọ̀ yunifásítì òde òní mú ti Paris fún ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, wọ́n wá fi ìgbìmọ̀ kan tó ń ṣọ́ owó kún un. Bí a ṣe ní ilé méjì nìyẹn: Sẹ́nétì ló ń sọ ohun tí a máa kọ́ àti ẹni tó yege, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ ló ni àpò, ilẹ̀, ilé àti ìwé ìgbanisíṣẹ́. Gíwá ti ẹsẹ̀ kan bọ ilé ti ibí, ó ti ìkejì bọ ti ọ̀hún.

Àlàfo àárín ilé méjèèjì ni ètò máa ń já sí. Sẹ́nétì lè fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tuntun ọlọ́dún mẹ́rin lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Lọ́dún àkọ́kọ́, olùkọ́ méjì tó wà nílẹ̀ á gbé e. Tó bá fi máa di ọdún kẹrin, ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ló ti wà lọ́rùn àwọn méjì yẹn, kò sì tíì sẹ́ni tó sọ fún Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ pé iṣẹ́ ti di ìlọ́po mẹ́rin. Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ náà lè kọ́ gbọ̀ngàn ńlá kan, kí ẹni tó ń ṣètò táìmù-tébù máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn bíríkìlà. Mi ò mọ oògùn mìíràn fún un ju pé kí ìwé tó bá wọ Sẹ́nétì gbé ìṣirò rẹ̀ dání, ti owó àti ti ènìyàn, títí dé ọdún tó kẹ́yìn.

Ẹni tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ta-ló-láṣẹ kò tó nǹkan, kó wo Oxford lọ́dún 2006. John Hood tó jẹ́ Gíwá wọn nígbà náà gbé àbá kan lẹ́yìn, pé kí àwọn ará ìta pọ̀ ju àwọn ọmọ ilé lọ nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí yunifásítì. Lóṣù kọkànlá, àwọn olùkọ́ fi ìbò 730 sí 456 dà á nù. Wọ́n tún fi lẹ́tà dìbò lóṣù kejìlá: 1,540 kọ̀ ọ́, 997 gbà á. Mi ò ní àbá náà burú. Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání wà lápá méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìwé dáadáa kì í bá ẹni jókòó sọ̀rọ̀; ènìyàn ló gbọ́dọ̀ lọ yí ènìyàn lọ́kàn padà.

Inú ìpàdé fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? C. Northcote Parkinson, òpìtàn tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Singapore, fi ẹ̀fẹ̀ sọ ọ́ lọ́dún 1957. Ó ní ká wo ìgbìmọ̀ kan tí nǹkan méjì wà níwájú wọn: ẹ̀rọ átọ́míìkì tí wọ́n fẹ́ ná mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn lé lórí, àti àtíbàbà kẹ̀kẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó máa ná wọn ní 350 pọ́n-ùn. Ìṣẹ́jú 2 àbọ̀ ni wọ́n fi parí ti átọ́míìkì. Ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n lò nídìí àtíbàbà. Ẹ̀rọ yẹn kò yé ẹnikẹ́ni débi tí wọ́n á fi lanu, ṣùgbọ́n ta ni àtíbàbà ò yé?

Ẹ̀fẹ̀ ni ti Parkinson, èmi ní aago lọ́wọ́. Ètò ọlọ́dún márùn-ún wa, ojú ìwé 118, gba ìṣẹ́jú 11 lọ́jọ́ kan báyìí. Ọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí ló tẹ̀lé e. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú! Ọ̀jọ̀gbọ́n kan nínú ìmọ̀ fisíìsì dìde lọ sídìí pátákó, ó ya àwòrán bí mọ́tò ṣe máa yí po. Ọ̀kan tún dìde, ó ní ọfà rẹ̀ kọjú síbi tí kò yẹ. Clark Kerr tó jẹ́ ààrẹ Yunifásítì California máa ń ṣàwàdà pé ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wàhálà àwọn olùkọ́. Lọ́jọ́ náà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà rárá.

Àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Michael Cohen, James March àti Johan Olsen, ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà mìíràn lọ́dún 1972. Wọ́n fi ìpàdé yunifásítì wé ike ìdalẹ̀nù. Oníṣòro á ju ìṣòro rẹ̀ sínú rẹ̀, ẹni tó ní ojútùú tí kò tíì rí ìṣòro á ju tirẹ̀ sí i, ẹni tó ráyè wá lọ́jọ́ yẹn á ju ara rẹ̀ sí i, ohun tó bá pàdé ara wọn nínú ike la ó máa pè ní ìpinnu. Mo mọ dínì kan tó fẹ́ràn àpò ìwé orí kọ̀ǹpútà, ìyẹn ètò tó ń tọ́jú ìwé pa mọ́. À báà máa sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, à báà máa sọ̀rọ̀ ìwà ìbàjẹ́ nínú ìdánwò, tó bá ti kàn án, "Alága, tá a bá ní àpò ìwé orí kọ̀ǹpútà ni…" Ó rí i rà níkẹyìn, lábẹ́ àkòrí tí kò kàn án rárá. Ó sì wúlò, kí n má purọ́ mọ́ ọn.

Kerr yìí kan náà wà lára àwọn tó ṣe ètò kan tí mo fẹ́ràn, ti California lọ́dún 1960. Akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀ bí omi, ilé ẹ̀kọ́ gíga oríṣi mẹ́ta tí ìjọba ní sì ń du owó kan náà. Wọ́n jókòó, wọ́n pín in. Yunifásítì á máa mú nínú ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe dáadáa jù tó ń jáde nílé ẹ̀kọ́ girama, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀ á máa mú nínú ìdá kan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì á ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tó kù. Lọ́dún yẹn náà ni Gómìnà Pat Brown fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí òfin. Ọdún 15 ni wọ́n ṣe ètò náà fún, títí di 1975, ọ̀pọ̀ nínú ìlà tó fà sì ṣì wà níbẹ̀ lónìí.

Kì í ṣe iye ìdá yẹn ló wù mí. Ohun tó wù mí ni pé apá kọ̀ọ̀kan ló ju nǹkan sílẹ̀. Yunifásítì gbà láti dín iye ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí fún. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀ gbà pé àwọn nìkan kò ní dá fún ènìyàn ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ wá lọ ka ètò ọlọ́dún márùn-ún tiyín. Ẹ ó rí "a ó bẹ̀rẹ̀", "a ó mú gbòòrò", "a ó dá sílẹ̀". Ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n kọ "a ó dáwọ́ dúró" sí. Ètò tí kò dáwọ́ ohunkóhun dúró ti yan ohun tó máa kú, kò kàn tíì dárúkọ rẹ̀ ni.

Ti Cambridge ló ba ni nínú jẹ́. Lóṣù kẹjọ ọdún 2000, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lo ètò ìṣirò owó tuntun lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní CAPSA. Kò pẹ́ tí nǹkan fi dojú rú. Àwọn ẹ̀ka kò mọ iye tó kù nínú owó tí wọ́n gbà fún ìwádìí, òṣìṣẹ́ tí wọn ò kọ́ dáadáa sì ń bá ẹ̀rọ jà. Yunifásítì náà ṣe ohun kan tó wù mí: wọ́n ní kí ará ìta méjì wá yẹ̀ ẹ́ wò, Anthony Finkelstein tó jẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà àti Michael Shattock tó ti ṣe rẹ́jísítírà ní Yunifásítì Warwick, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé kà lọ́dún 2001. Àbọ̀ náà kò dá ẹ̀rọ nìkan lẹ́bi. Ó tọ́ka sí bí wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́ náà àti bí yunifásítì ṣe ń ṣàkóso ara rẹ̀: ìgbìmọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ẹrù kò hàn gbangba. Nígbà tí mo kà á, òrùlé wa ló wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn òrùlé yẹn. Lọ́dún kẹrin, kí alága tó ní ká kọjá sórí ọ̀rọ̀ tó kàn, mo nawọ́ sókè. Gbogbo wọn wò mí bí ẹni pé àga ló sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ dákun, orúkọ ta ni kí n kọ?" Yàrá pa lọ́lọ́. Alága wo ọ̀gá ẹ̀ka tó ń tún ilé ṣe. Ọ̀gá náà wo búsà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá náà ní, "Ẹ kọ tèmi, ṣùgbọ́n ẹ kọ ti búsà náà fún owó." Mo kọ ọ́: orúkọ méjì, déètì kan. Wọ́n pẹ́ ju déètì náà lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì tún un ṣe. Olùtọ́jú láàbù kò ká ọ̀rá dúdú rẹ̀ nílẹ̀ títí òjò ọdún yẹn fi tán.

Nípa ìwé tí ẹ máa gbé wá sí ìpàdé, ọ̀rọ̀ mi kéré. Ẹ fi ohun tí ẹ fẹ́ sí ìlà àkọ́kọ́. Ẹ sọ ibi tí owó ti máa wá àti ohun tí a ó fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ojú ìwé méjì ti tó. Ẹni tó bá kọ 40, ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní kà á, nígbà mìíràn ohun tó sì fẹ́ nìyẹn.

Ìbéèrè pọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan ni mo fẹ́ kọ síbí. Dínì kan bi mí pé, tó bá jẹ́ Gíwá ti pinnu kó tó dé ìpàdé, kí ni a tún ń jókòó fún? Mo sọ fún un pé ọ̀pọ̀ Gíwá tí mo bá ṣiṣẹ́ ló máa ń ti pinnu, àwọn tó gbọ́n nínú wọn sì máa ń fi ìwé ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú kí a lè tú ìpinnu náà palẹ̀. Ó ní tiwọn máa ń dé ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo ní kó lọ bá akọ̀wé wọn, kó bi í léèrè ọjọ́ tí ó rí ìwé náà gbà gan-an.