Ọwọ́ Tó Ń Rò Ó

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin òjò, ojú sánmà Manchester mọ́ lónìí, mo sì rí Orion, àkójọ ìràwọ̀ kan, láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Ìràwọ̀ mẹ́ta tò lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Nísàlẹ̀ wọn ni ohun kan ṣe bàìbàì bí èéfín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bí ìràwọ̀. Nǹkan bí ọdún 1,300 ni ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ fi rìn kó tó kàn mí lójú.

Ẹ̀yìn èéfín yẹn ni agbami gáàsì ńlá kan wà, ó tutù rinrin. Lọ́dún 1970, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Wilson, Jefferts àti Penzias, fi awò rédíò Kitt Peak, ní Arizona, èyí tó ń gba ìgbì rédíò láti ojú sánmà, gbọ́ gáàsì kan tó ń jẹ́ carbon monoxide níbẹ̀. Àmì rédíò rẹ̀ kò dúró sórí ìró kan ṣoṣo, ó fẹ̀, torí gáàsì kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, òmíràn ń sá lọ, bí fèrè áḿbúláǹsì ṣe ń yí ohùn padà tó bá ń kọjá. Eré náà tó kìlómítà mélòó kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú òtútù yẹn, ohùn fúnra rẹ̀ kò lè sá tó ìdajì kìlómítà.

Màámi ló sọ sí mi lọ́kàn. Tí wọ́n bá ń ro àmàlà, orógùn kì í sinmi, kí kókó má baà wà. Lókè ọ̀hún, rírò gan-an ló ń fa kókó! Gáàsì tó yára ju ohùn lọ, tó bá ya lu òmíràn, èyí tó wà níwájú kò rí àyè yẹra. Wọ́n á fún pọ̀. Ibi tó bá fún jù, ìwúwo ara rẹ̀ á fà á wọlé, á di ìràwọ̀.

Síbẹ̀, rúkèrúdò yìí náà wà lára ohun tí kò jẹ́ kí gbogbo ìyókù wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin ará, èyí ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ta ló wá ń rò ó? Tí kò bá sí ọwọ́ tó ń rò ó, á rọlẹ̀. Àwọn ìràwọ̀ tó bú gbàmù wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tuntun náà wà níbẹ̀: ìràwọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bí máa ń tu gáàsì jáde lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú agbára tó ń ru gbogbo àyíká rẹ̀ sókè. Ọmọ gba orógùn lọ́wọ́ ìyá.

Ẹ jẹ́ kí n wọ ẹ̀wù òtútù, kí n jáde lọ wò ó kí òjò tó padà dé.