Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lápò Mi

KÚNLÉ: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa, níbikíbi tí ẹ bá ti ń gbọ́ wa. Kúnlé rèé láti Aurora, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ṣadé wà pẹ̀lú wa láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣadé, ilẹ̀ á ti ṣú lọ́dọ̀ yín.

ṢADÉ: Ẹ kú ọ̀sán níbẹ̀ o, bọ̀ọ̀dá mi. Ilẹ̀ ti ṣú, àwọn ọmọ ti sùn. Bí ẹ bá gbọ́ pé ohùn mi lọ sílẹ̀, ẹ má bínú.

KÚNLÉ: Kò burú. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò rí èsì fọ̀ sí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Níbi tí mò ń gbé yìí, kò jìnnà sí Batavia, níbi tí Fermilab, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì ńlá kan, wà. Àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo àwọn ẹfọ̀n tí wọ́n ń sìn níbẹ̀. Ìyá kan bá dìde, ó ní ọmọ òun ò ní lọ. Ó ní ṣe ni wọ́n kó ẹfọ̀n síbẹ̀ kó lè jẹ́ pé àwọn ẹran ni yóò kọ́kọ́ kú bí ìtànṣán olóró bá jò. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìwọ lo ń ṣiṣẹ́ nídìí irú ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, mo ní kí n bi ọ́.

ṢADÉ: Ìyá yẹn ò jẹ̀bi. Èmi náà tí mo bá jẹ́ òun, màá bèèrè. Ṣùgbọ́n ti ẹfọ̀n yẹn kì í ṣe òótọ́. Robert Wilson, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe olórí ibẹ̀, ló kó wọn wá ní 1969. Pápá oko ni gbogbo ilẹ̀ yẹn látijọ́, ẹfọ̀n ló ń jẹ̀ níbẹ̀, ó sì fẹ́ kí ilẹ̀ náà rántí ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wọn olóró, kì í ṣe ẹran.

KÚNLÉ: Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an tó ń mú olóró wá?

ṢADÉ: Wọ́n ń mú pọ́rótọ́ọ̀nù, ẹ̀rún inú átọ́ọ̀mù kan tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Wọ́n ń fi iná mànàmáná tì í kó máa sá eré, wọ́n ń fi irin òòfà darí rẹ̀ kó má bàa yà kúrò lọ́nà. Tó bá wá lọ gbá nǹkan, ìtànṣán olóró á tú jáde. Bí ẹ bá pa ẹ̀rọ náà, ìtànṣán yẹn á dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àmọ́ àwọn irin tí pọ́rótọ́ọ̀nù ti ń gbá léraléra ti gba olóró sára. Àwọn yẹn á ṣì máa tú u jáde, òmíràn fún wákàtí, òmíràn fún ọdún. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń dúró kó rọlẹ̀ ká tó wọlé.

KÚNLÉ: Tí ẹnì kan bá wá wà nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí ẹ̀rọ náà wà, tí ẹlòmíràn ò mọ̀, tó lọ tan ẹ̀rọ?

ṢADÉ: Á! Nítorí ìyẹn ni kọ́kọ́rọ́ ṣe wà. Lẹ́nu ọ̀nà ihò abẹ́ ilẹ̀ tiwa, àpótí irin kan wà lára ògiri tí a to kọ́kọ́rọ́ sí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú méjì péré, á yọ kọ́kọ́rọ́ kan, á fi í sápò. Bí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo bá ṣì wà níta, ẹ̀rọ ò lè tàn. Kì í ṣe pé wọ́n sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tàn án o. Kò lè tàn ni. Ọ̀gá àgbà ì báà tẹ bọ́tìnnì dọ̀la.

KÚNLÉ: Ìyẹn ni pé ẹ̀mí rẹ wà lápò ara rẹ.

ṢADÉ: Ó wà lápò mi. Tí mo bá wà nísàlẹ̀, mo máa ń fọwọ́ tẹ àpò mi wò láìmọ̀ pé mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ká tó ti ibẹ̀ pa, ènìyàn méjì á rin gbogbo ihò náà já. A ó wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, a ó wo abẹ́ páìpù, a ó máa pè: “Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀?” Bọ́tìnnì wà lára ògiri tí a gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ bí a ṣe ń lọ. Bí ẹ bá fo ọ̀kan, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin tí a jọ ń yẹ ibẹ̀ wò fẹ́ fo kọ̀rọ̀ kan, torí ẹnikẹ́ni kì í dé ibẹ̀. Mo ní ká padà. A bá jákẹ́ẹ̀tì kan níbẹ̀ tó so kọ́, àti ike omi tó ṣì tutù. A ò rí ènìyàn. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ pé. Síbẹ̀ a ò ti ilẹ̀kùn. Ogójì ìṣẹ́jú la fi wá ẹni tó ni jákẹ́ẹ̀tì, ó ń jẹun lókè. Àwọn onímọ̀ tó ń dúró de ẹ̀rọ kò dunnú, àmọ́ bó bá tún di ọ̀la, ohun tí màá ṣe náà nìyẹn.

KÚNLÉ: O ṣeun, àbúrò mi.

ṢADÉ: Nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn rí. July 13, 1978, ní Protvino, ní Rọ́ṣíà. Anatoli Bugorski, onímọ̀ kan níbẹ̀, tẹ̀ síwájú láti wo nǹkan tó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ. Àwọn ohun tó yẹ kó dá ẹ̀rọ dúró kò ṣiṣẹ́. Pọ́rótọ́ọ̀nù wọ orí rẹ̀ látẹ̀yìn, ó gba ẹ̀gbẹ́ imú jáde. Ó ní òun rí ìmọ́lẹ̀ tó ju oòrùn lọ, kò sì dun òun. Ojú rẹ̀ wú, apá kan ojú náà rọ, etí òsì rẹ̀ di. Ó yè, ó tún padà sẹ́nu ìwé rẹ̀ títí ó fi di ọ̀mọ̀wé. Mi ò lè gbàgbé ọkùnrin yẹn.

KÚNLÉ: Olúwa ṣeun. Ó ga o.

ṢADÉ: Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín, bọ̀ọ̀dá mi. Olóró kọ́ ló ń gbà mí lóorun jù. Afẹ́fẹ́ ni, àti iná. Ẹ wo CERN, ilé ìwádìí irú Fermilab, ní ààlà Switzerland àti Faransé. Òrùka ẹ̀rọ wọn gùn tó kìlómítà 27 nísàlẹ̀ ilẹ̀. Híílíọ̀mù, gáàsì tí wọ́n sọ di olómi, ni wọ́n fi ń mú irin òòfà wọn tutù, ó tutù ju òfurufú tó jìnnà réré sí ayé lọ. Tí híílíọ̀mù yẹn bá jò, líta kan á di ju 700 líta gáàsì lọ. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Á kàn lé ọ́síjìn kúrò níbi tí ẹ dúró sí. Èémí méjì mẹ́ta, ẹni náà ti ṣubú.

KÚNLÉ: Láìrí nǹkan kan?

ṢADÉ: Láìrí nǹkan kan. Ìyẹn la ṣe ń so ẹ̀rọ kékeré mọ́ àyà. Ọ́síjìn tí à ń mí jẹ́ 21 nínú ọgọ́rùn-ún, tó bá fi lè dé 18, ẹ̀rọ á ké. A tún ń gbé ohun ìmí pàjáwìrì kọ́ ìgbànú. Ní September 19, 2008, ọjọ́ kẹsàn-án tí CERN ṣí ẹ̀rọ ńlá yẹn, ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti so wáyà irin òòfà pọ̀ kò dán mọ́rán. Iná bẹ́, ó lu agbada híílíọ̀mù. Bíi tọ́ọ̀nù mẹ́fà ló tú sínú ihò. Irin òòfà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó tọ́ọ̀nù 35 ṣí kúrò ní ìdúró wọn. Irin òòfà 53 ni wọ́n gbé jáde, ó sì lé lọ́dún kan kí ẹ̀rọ tó tún ṣiṣẹ́. Ènìyàn kan ò fara pa, torí pé wọ́n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀ tí iná bá wà lára irin òòfà. Ẹ ò rí i? Irin bàjẹ́, owó lọ, gbogbo ènìyàn padà sílé.

KÚNLÉ: Ti iná yẹn ni kí n bá ọ dá sí, iṣẹ́ mi ni. Ọdún 14 ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ iná. Mo ní àgádágodo pupa kan, máákà ni mo fi kọ orúkọ mi sí i. Tí mo bá pa iná ibì kan, màá fi tì í, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò sì sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Níbi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe rí, fóòmánù ní kí n má pa á, pé àwọn oníbàárà á bínú. Mo gbọ́ tirẹ̀. Súkúrúdíráfà yọ̀ lọ́wọ́ mi. Mi ò gbọ́ ariwo rẹ̀ pàápàá, funfun ni mo kàn rí, irun ojú mi sì jóná. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi fún wákàtí kan, ọwọ́ mi ò lè di sítíárì mú.

ṢADÉ: Ẹ ò sọ èyí fún mi rí.

KÚNLÉ: Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi fún ọdún méjì.

ṢADÉ: Irú rẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀ ní SLAC, ilé ìwádìí irú tiwa ní California, ní October 11, 2004. Oníṣẹ́ iná kan ń fi bírékà sínú páńẹ́ẹ̀lì tí iná fóltì 480 wà nínú rẹ̀. Iná bẹ́ mọ́ ọn, ó jó o gan-an. Nígbà tí ìjọba wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé kò sí ìdí tí wọn ò fi lè pa iná yẹn. Wọ́n ń sá eré kí iṣẹ́ má dúró ni. Ó sì wá di ọ̀pọ̀ oṣù tí gbogbo ẹ̀rọ fi dúró.

KÚNLÉ: Hmm.

ṢADÉ: Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti Tokai, ní Japan, nílé ìwádìí tí wọ́n ń pè ní J-PARC. May 23, 2013, ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago méjìlá ọ̀sán lù. Wọ́n ń rán pọ́rótọ́ọ̀nù sára wúrà kékeré kan. Ó yẹ kó máa lọ díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ẹ̀rọ ṣe ségesège, gbogbo rẹ̀ ya lu wúrà lẹ́ẹ̀kan náà, kó tó di pé ènìyàn ṣẹ́jú. Apá kan wúrà náà yọ́. Áláàmù ké. Wọ́n pa áláàmù, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

KÚNLÉ: Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀?

ṢADÉ: Wọn ò mọ ohun tó ti ṣe wúrà. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé olóró ń pọ̀ nínú gbọ̀ngàn tí àwọn ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n bá tan fáànù kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè mọ́. Nọ́ńbà lọ sílẹ̀, ọkàn wọn balẹ̀. Ṣùgbọ́n fáànù yẹn ò ní asẹ́. Ìta ló ń fẹ́ ẹ sí. Ènìyàn 34 ló gba olóró sára, èyí tó gbà jù gba mílísíífáàtì 1.7, bí wọ́n ṣe ń wọn olóró, kò tó ohun tí ilẹ̀ àti òfurufú ń fún ẹnikẹ́ni wa lọ́dún. Iye rẹ̀ kọ́ ni mo ń sọ. Ẹni tó tan fáànù fẹ́ ran àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ni, àwọn ará ìta ni kò wá sí i lọ́kàn. Ó sì di alẹ́ ọjọ́ kejì kí wọ́n tó fi tó ìjọba létí. Ìyá ibẹ̀ kan á ti sá aṣọ ọmọ rẹ̀ síta lọ́jọ́ yẹn.

KÚNLÉ: Ohun tí ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bèèrè náà nìyẹn. Ta ló ń ro ti àwa tí a wà níta?

ṢADÉ: Òun gan-an. Tí àwọn oníṣẹ́ ààbò àti àwọn oníṣẹ́ àyíká bá jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, irú fáànù bẹ́ẹ̀ á tún tàn. Afẹ́fẹ́ ò mọ ọ́fíìsì. CERN ń lo gáàsì kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń wo ohun tó ń tú jáde tí pọ́rótọ́ọ̀nù bá forí gbárí, ìbátan èyí tó wà nínú ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀. Kò ṣe ẹni tó dúró tì í ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó ń jò lára àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń mú ayé gbóná. Nínú ìròyìn àyíká tí wọ́n gbé jáde ní 2020, àwọn fúnra wọn sọ pé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó ń mú ayé gbóná tí ilé iṣẹ́ wọn fúnra rẹ̀ tú sínú afẹ́fẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn pé wọ́n kọ ọ́.

KÚNLÉ: Fermilab tiwa ńkọ́?

ṢADÉ: Omi ni ti Fermilab. Pọ́rótọ́ọ̀nù máa ń sọ díẹ̀ nínú omi tó wà nítòsí rẹ̀ di tritium, hydrogen tó ní olóró. Ní November 2005, wọ́n rí díẹ̀ nínú odò kékeré tí wọ́n ń pè ní Indian Creek, tó ń ṣàn jáde nínú ọgbà wọn. Kò súnmọ́ iye tí òfin kọ̀ rárá. Síbẹ̀ wọ́n sọ fún àwọn ará àdúgbò. Títí dòní ni wọ́n ń bu omi odò lọ wọ̀n, ọdọọdún ni wọ́n sì ń gbé ìwé rẹ̀ jáde, ẹnikẹ́ni lè kà á.

KÚNLÉ: Èmi náà lè rí i?

ṢADÉ: Ẹ̀yin náà. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ ojú ewé tó ní nọ́ńbà omi jáde, kí ẹ mú un lọ bá màmá yẹn. Ẹ má sọ fún un pé kó má bẹ̀rù. Ẹ jọ kà á.

KÚNLÉ: Màá pè é lálẹ́ òní. Tó bá gbà, Sátidé laago mẹ́wàá la ó lọ, òun àti ọmọ rẹ̀ á wà nínú ọkọ̀ mi.

ṢADÉ: Ẹ bá mi kí i. Ẹ jẹ́ kí n lọ sùn, mo ní láti wọlé laago mẹ́fà àárọ̀, èmi ni màá yọ kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́.