Kí Ló Dé Tí Àrùn Coats Fi Ń Mú Ọmọkùnrin Ju Ọmọbìnrin Lọ?

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ wá láti Iléṣà. Ìbéèrè ìyá àgbà kan ní Mọ̀ọ̀rẹ̀, ní Ifẹ̀ níbí, ló bí ọ̀rọ̀ tòní. Wọ́n mú ọmọ-ọmọ wọn ọkùnrin wá, ọmọ ọdún 5, tí ojú òsì rẹ̀ kò ríran mọ́. Mo ní àrùn Coats ni, pé ọkùnrin ló sì ń mú jù. Wọ́n wo ìyàwó ọmọ wọn, wọ́n ní, “Dókítà, ṣé láti ara ìyá rẹ̀ ni?”

Ìyàwó náà kò gbójú sókè. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn.

Awọ tín-ín-rín kan wà lẹ́yìn inú ẹyinjú, rẹ́tínà là ń pè é. Òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran. Nínú àrùn Coats, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú rẹ̀ a wú, wọn a máa jò. Omi ọlọ́ràá á gbára jọ sábẹ́ rẹ́tínà títí yóò fi ṣí i kúrò ní ààyè rẹ̀. Kì í sábà dun ọmọ níbẹ̀rẹ̀, ojú kejì sì ń ríran, nítorí náà ọmọ kò ní sọ nǹkan kan. George Coats, ará Scotland, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1908.

Nínú ìwádìí kan lórí aláìsàn 150 tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2001, 76 nínú 100 ni ọkùnrin. Ojú kan ṣoṣo ni àrùn náà sì mú lára 95 nínú 100.

Ojú kan yẹn ni kí ẹ mú dání. Àrùn mìíràn wà tí rẹ́tínà ọmọkùnrin fi ń là sí ìpele méjì. Ojú méjèèjì ló sábà ń mú, torí pé àbùkù rẹ̀ wà lórí kúrọ̀mósóòmù X, ọ̀kan nínú àwọn okùn tín-ín-rín inú ara tó ń gbé ohun àjogúnbá, tí ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá. Ọmọkùnrin ní X kan péré. Bí ó bá lábùkù, kò sí àrọ́pò. Ọmọbìnrin ní méjì. Àrùn Coats kì í ṣe irú ìyẹn, kì í ṣe àjogúnbá. Ṣùgbọ́n ní 1999, àwọn olùwádìí rí àbùkù nínú ẹyọ ohun àjogúnbá kan, jíìnì NDP, tó wà lórí X, nínú rẹ́tínà aláìsàn Coats kan. Inú rẹ́tínà yẹn nìkan ló wà, kò sí nínú ara yòókù. Lójú mi, ìyẹn fẹ́ jọ ìdáhùn: X kan ló wà, ìjàǹbá kan nínú ojú kan ti tó. Síbẹ̀, rẹ́tínà kan ṣoṣo kò tó láti fi parí ẹjọ́.

Mo sọ fún wọn pé, “Rárá, Màámi. Ìyàwó yín kọ́.”

Ẹ má sì torí iye yẹn fọkàn balẹ̀ lórí ọmọbìnrin o. Àwọn 24 yòókù, ọmọ ta ni wọ́n? Ọmọlójú tó bá funfun sì lè jẹ́ àmì retinoblastoma, jẹjẹrẹ ojú ọmọdé, tí kì í ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, tó sì ń pa ọmọ. Òun la kọ́kọ́ ń wá. Bí ó bá jẹ́ Coats, a lè fi iná lésà tàbí òtútù líle dí iṣan tó ń jò. Ìríran tó ti lọ ló ṣòro láti dá padà.

Ẹ wo àwòrán ọmọ yín tí ẹ fi iná fóònù yà. Bí ọmọlójú kan bá pupa tí ìkejì funfun tàbí tí ó ní àwọ̀ ìyeyè, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ojú lọ́sẹ̀ yìí, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin.