Bí ohùn "Dancing Queen" ṣe nípọn, àti bí ẹ ṣe lè ṣe irú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ fi hẹ́ẹ̀dìfóònù sétí, torí ohun tí a fẹ́ ṣe lónìí kò ní hàn lára ẹnu fóònù. Orin "Dancing Queen" tí ABBA, ẹgbẹ́ olórin ará Sweden, gbé jáde lọ́dún 1976 la fẹ́ tú palẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé reverb, ìyẹn gbohùngbohùn bíi ti inú yàrá ńlá, ló jẹ́ kí ohùn rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀. Rárá o. Wọ́n lu ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì ni, èkejì sì yà díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Ọjọ́ 4 oṣù August 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Glen Studio, lẹ́yìn ìlú Stockholm. "Boogaloo" ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn, kò tíì ní ọ̀rọ̀ nínú. Benny Andersson wà nídìí dùùrù, Rutger Gunnarsson mú béèsì, Roger Palm jókòó sídìí jáàsì. Ìlù inú "Rock Your Baby" ti George McCrae wà lára ohun tó wà lọ́kàn wọn, ìdí nìyẹn tí ìlù náà fi ń rọra fì, tí kì í sáré. Oṣù September ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohùn lé e ní Metronome Studio, ó sì di December kí iṣẹ́ tó parí. Ẹ má kánjú nígbà náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fi ìyára sí 100 BPM (iye ìlù láàárín ìṣẹ́jú kan), kíì A major (ilé tí orin dúró lé). Ẹ jẹ́ kí onílù àti oníbéèsì jọ lù ú látòkèdélẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré. Béèsì àti ìlù ẹsẹ̀ kò sí lára ohun tí a máa ṣe ní méjì o. Ìró ìsàlẹ̀ méjì tí kò bára dọ́gba máa ń pa ara wọn ni: ìsàlẹ̀ orin á wú níbì kan, á tún gbẹ níbòmíì.

Ìgbésẹ̀ kejì, dùùrù àti gìtá. Níbi tí ègbè ti wọlé, kọ́ọ̀dù (àwọn ohùn tí a tẹ̀ pọ̀) E ló kọ́kọ́ dún, lẹ́yìn náà C#7, F#m, B7. Ẹ tẹ C#7 yẹn lọ́tọ̀ kí ẹ gbọ́ ọ. E# tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilé A major, àjèjì ni. F# ló ń wá, ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Bí F#m bá ti dún, àjèjì náà ti délé. Ibẹ̀ ni ọkàn ti máa ń rọ̀ nínú orin yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta gan-an ni iṣẹ́. Michael B. Tretow, ẹnjiníà wọn, ti kà nípa bí Phil Spector, agbórinjáde ará Amẹ́ríkà, ṣe ń kó ọ̀pọ̀ olórin jọ sínú yàrá kan kí ohùn lè kún. Kò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ kó jọ, ló bá ní kí àwọn díẹ̀ tó wà nílẹ̀ tún un lù, ó sì yí ìyára téèpù díẹ̀ kí ìkejì má bàa bá ìkíní dọ́gba. Láti orí "Ring Ring" lọ́dún 1973 ló ti ń ṣe é.

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ti gbà sílẹ̀ pọ̀ sí fáìlì kan. Ẹ mú un yára sí i ní 0.5%, kí ohùn rẹ̀ sì bá a gòkè. Bí orin bá jẹ́ ìṣẹ́jú 4 gééré, ó gbọ́dọ̀ padà di 3:58.8, ohùn á sì ti gòkè ní bíi 9 cents (ìwọ̀n kékeré tí a fi ń díwọ̀n gíga ohùn). Olórin á wá máa gbọ́ èyí létí, á tún apá tirẹ̀ lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lù padà sí ìṣẹ́jú 4. Àsìkò á bára mu, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ á wà ní 9 cents sísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́.

Ohun mẹ́ta ló máa ń ba èyí jẹ́. Bí "preserve pitch" bá wà ní títàn, ìyára nìkan ni yóò yí, ohùn á dúró síbi tó wà, asán ni gbogbo wàhálà yín. Onígìtá náà kò gbọ́dọ̀ tún okùn rẹ̀ ṣe kó lè bá ohun tó ń gbọ́ létí mu. Tó bá tún un ṣe, ibi tí àkọ́kọ́ wà náà ló máa padà sí. Ẹ má sì kọjá 1%, ìyẹn bíi 17 cents, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í kan létí.

Kí ló dé tí a ò kàn ṣe ẹ̀dà àkọ́kọ́, ká sún un síwájú díẹ̀? Ẹ ṣe é wò. Ó máa dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ látinú agolo, torí ìgbì ohùn kan náà ló ń pàdé ara rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn kì í tẹ nǹkan bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn. Ẹ gbé ìkíní sí apá òsì, ìkejì sí apá ọ̀tún, kí ẹ sì fi EQ (ohun tí a fi ń tún ìró ṣe) dín ìró 300 Hz kù ní 3 dB lára ọ̀kan nínú wọn, kí àárín orin má bàa di ẹrẹ̀.

Ohùn ẹnu ló kàn. Ohùn kan náà ni Agnetha Fältskog àti Anni-Frid Lyngstad, àwọn obìnrin méjì tó ń kọrin nínú ABBA, ń gbé nínú ẹsẹ orin, kí ègbè tó pín wọn. Ẹ gba ohùn olórin kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sì fi ọgbọ́n 0.5% yẹn ṣe ìkejì. Ìṣòro ibẹ̀ ni "s" òpin ọ̀rọ̀: ohùn mẹ́rin kì í pe "s" papọ̀, ó máa ń fọ́n ká bí iyanrìn. Kí ẹnì kan ṣoṣo pè é já gaara, kí àwọn yòókù gbé e mì.

Bí ẹ bá ń to orin náà, ẹ kíyè sí i pé apá kejì ègbè ni ABBA fi ṣí i, lẹ́yìn tí ọwọ́ ti gbá orí dùùrù kọjá. Wọ́n tún gé ìlàjì ẹsẹ kan tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ sọnù. Mo gbà pé gígé yẹn dára, torí kò sí ibi tí ẹ máa dúró pẹ́ kí ègbè tó dé.

Ní ìparí, ẹ tẹ mono (kí apá òsì àti ọ̀tún dà pọ̀ di ọ̀kan), ẹ dín ohùn kù débi pé ẹ ń gbọ́ fáànù yàrá. Bí dùùrù bá ṣì wà níbẹ̀, ó ti dáa. Bó bá pòórá, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹta. Ẹ̀dà kan ti wọ àárín wọn.