Bí Ẹ Ṣe Lè Sọ Fíríísà Di Ilé Bíà Onítáàpù

Ẹ káàbọ̀ o. Fíríísà tí wọ́n ń ṣí láti òkè ló wà níwájú mi yìí. Òun la fẹ́ sọ di ibi tí bíà tí ẹ fọwọ́ ara yín pọn yóò ti máa jáde lẹ́nu táàpù, tútù nini.

Ká tó mú irinṣẹ́ kankan, ẹ gbọ́ èyí ná: ẹ má lu ara fíríísà yìí rárá. Inú ògiri rẹ̀ ni páìpù gáàsì tó ń mú un tutù gbà, ojú ò sì rí i láti ìta. Bí ẹnu dírílì bá kàn án pẹ́nrẹ́n, fíríísà ti di àpótí ìkẹ́rù nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi ń fi pákó kan férémù sáàárín ìdérí àti ara rẹ̀. Férémù la máa lu, òun náà ló máa fi àyè kún gíga inú rẹ̀.

Ẹ gé páálí ní ìwọ̀n ìdí kẹ́ẹ̀gì yín, ìyẹn àgbá tí bíà wà nínú rẹ̀, ẹ tò ó sínú fíríísà, kẹ́ ẹ fi mọ iye tó máa gbà. Kẹ́ẹ̀gì onírin lítà 19 ni tèmi. Bí ẹ bá ń wọn gíga, ẹ ka orí róbà tó ń wọ kẹ́ẹ̀gì mọ́ ọn.

Ó yá, ẹ yọ fíríísà lẹ́nu iná. Sípíríǹgì ìdérí yìí lágbára, nítorí náà ẹ ṣí ìdérí sókè, kí ẹnì kan bá yín dì í mú, kẹ́ ẹ tó tú u.

Pákó tó nípọn tó ínǹṣì 2, tó fẹ̀ tó ínǹṣì 6 tàbí 8, la máa lò. Ẹ fi súkúrù so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ wọn ọ́n láti igun kan dé igun tó wà ní ìdàkejì rẹ̀, kó dábùú àárín: ìwọ̀n méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ kùn ún tinú tòde, torí omi máa ń sẹ̀ nínú fíríísà.

Àwọn kan máa ń lẹ férémù mọ́ ara fíríísà. Èmi ò fara mọ́ ọn. Kẹ́ẹ̀gì tó kún wúwo, kí ló dé tí ẹ ó tún máa gbé e fo ògiri tó ga sí i? Ìdérí ni kẹ́ ẹ fi sílíkóònù lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí wọ́n jọ máa ṣí. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ tó lẹ fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀, kí atẹ́gùn má bàa wọlé.

Ihò táàpù, ínǹṣì 1 máa ń tó. Ẹ lù ú láti iwájú, kí ojú tó hàn síta má fà ya.

Fíríísà yìí máa sọ bíà di yìnyín bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ki wáyà rẹ̀ bọ ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ òtútù, kẹ́ ẹ gbé e sí 3 tàbí 4°C. Ẹ wo imú ẹ̀rọ náà níbí, ìyẹn ẹnu wáyà rẹ̀ tó ń mọ òtútù: mi ò jẹ́ kó rọ̀ dirodiro. Mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìhà kẹ́ẹ̀gì, mo fi fóòmù bò ó, kó lè mọ bí bíà ṣe tutù tó, kì í ṣe atẹ́gùn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ìdérí ni kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ yóò máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó ku gáàsì CO2, èyí tó ń ti bíà jáde. Kí sílíńdà dúró gán-án-rán, kí rẹgulétọ̀, ìyẹn ohun tó ń díwọ̀n agbára gáàsì, wà ní 10 sí 12 psi. Ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé róbà. Níbi tó bá ti ń hó, gáàsì ń jò. Gáàsì yìí wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń jókòó sí, ó sì lè pààyàn. Bí ẹ bá fura pé ó jò, ẹ ṣí ìdérí àti fèrèsé, ẹ má sì ki orí bọ inú fíríísà.

Róbà bíà ńkọ́? Kí inú rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 3/16, kó sì gùn tó mítà 3. Ẹ gbé fáànù kékeré sínú fíríísà pẹ̀lú, torí òkè ibi tí táàpù wà máa ń lọ́ wọ́ọ́wọ́.

Ẹ ṣí táàpù tán lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má ṣe é ní ìdajì. Bó bá ṣì ń hó jù, ẹ má tíì fọwọ́ kan rẹgulétọ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá róbà ló kúrú.