Ẹni Tó Fẹ́ràn Ìwé Títẹ̀ Ló Yẹ Kó Mọ Ẹ̀rọ Jù

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín. Ohun tí mo wá sọ ni pé kí gbogbo wa kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé kó yanjú, ṣùgbọ́n kí ìwé tí a bá fẹ́ kó bá wa kalẹ́ wà lórí bébà. Àwọn kan ń pariwo pé ẹni tó bá ṣì ń ra ìwé títẹ̀ kò tíì lajú. Ẹ bá mi bi wọ́n pé ta ló ni ìwé tó wà nínú fóònù wọn.

Ní oṣù Keje ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ Amazon, tó ń tajà lórí ayélujára, yọ ìwé méjì tí òǹkọ̀wé George Orwell kọ kúrò nínú Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé, àwọn tó ti sanwó wọn, nítorí pé ẹni tó gbé ìwé náà sórí àtẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Wọ́n dá owó padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Michigan, tó ti ń kọ àkíyèsí sí ìwé náà fún iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀, rí i pé ọ̀rọ̀ tí òun kọ ṣẹ́ kù, ojú-ìwé tí ó ń tọ́ka sí ti lọ, ó sì gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù. Lọ́dún 2019, Microsoft ti ilé ìtàwé orí ẹ̀rọ tirẹ̀ pa, àwọn ìwé tí ó ti tà kò sì ṣeé ṣí mọ́. Kò sí olùtàwé kan ní Dùgbẹ̀ tó lè yọ́ wọlé yín lóru láti gba ìwé tí ẹ ti rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe pé kí a sá fún ẹ̀rọ ni mo ń wí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pàápàá jẹ́ àjèjì nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend fi gbé Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859. Lónìí, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ìwé títẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni èdè wa sì ti ń fara gbọgbẹ́. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà ń lò láti fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, “é” ní nọ́ńbà tirẹ̀, “ẹ” náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n “ẹ́” kò ní. Ńṣe la ń fi àmì ohùn lé lẹ́tà náà lórí. Bí fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé, kò bá dára, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo, atẹ̀wé tí kò mọ ọ̀nà àbáyọ á sì kúkú yọ gbogbo àmì dànù. Ẹni tó bá mọ bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀, tó sì mọ fọ́ǹtì tó gba àmì, ló lè gba ìwé Yorùbá lọ́wọ́ ìyà yìí.

Àkókò ti ń lọ, nítorí náà mo fo ọ̀rọ̀ iná mànàmáná àti owó dátà; gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, ìyá olùkọ́ kan dìde, ó ní: “Ọ̀gá, ìwé Yorùbá tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ nígbà kan kò sí lọ́jà mọ́, ikán sì ti jẹ ti ilé mi. Bébà yìí náà ńkọ́?” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, nítorí ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni kí a fi fóònù yà lójú-ewé lójú-ewé, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ojú-ewé tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí a tọ́jú àwòrán náà síbi méjì tàbí mẹ́ta. Kí a wá ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ìwé náà kàn, kí ó fọwọ́ sí i, kí a sì tún un tẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Mo bẹ ìyá pé kí ó kó èyí tí ikán ṣẹ́ kù wá, kí àwọn ọ̀dọ́ tó wà níjòkòó bá a yà á.