Ooru yìí pọ̀ o: bí a ṣe ń mú yàrá tutù láì jẹ́ kí káàdì iná tètè tán

Ẹ kú déédé ìwòyí o ẹ̀yin èèyàn mi. Abẹ́òkúta ni mo wà, ní Àdátán níbí, iṣẹ́ mi ni kí n máa tún fáànù àti AC ṣe. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín lónìí, ẹ ò ní fọ́ ògiri, ẹ ò ní pààrọ̀ páànù, ẹ ò sì ní lọ bẹ láńlọ́ọ̀dù kankan. Ẹ ṣáà mọ bí ooru oṣù kejì sí oṣù kẹta ṣe máa ń rí nílùú wa, abẹ́ òkúta la wà lóòótọ́, òkúta á gba oòrùn látàárọ̀, tó bá wá di alẹ́ á máa tú u sílẹ̀ fún wa. Búlọ́ọ̀kù ilé náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń ṣe.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo ra AC wan họ́ọ̀sì fún ìyá mi, yàrá wọn kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, Band A sì ni àdúgbò wọn, ìyẹn àwọn tí iná wọn máa ń pẹ́ jù tí owó ẹ̀ sì wọ́n jù. Láti oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n ti fowó kún iná Band A, yúníìtì kan ti lé ní 200 náírà. Mo ra káàdì 10,000, nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún ìyá pè mí pé iná àwọn ti tán. Ó dùn mí gan-an. Ni mo bá jókòó ṣírò ẹ̀, yúníìtì kan ni 1,000 wáàtì fún wákàtí kan: AC wan họ́ọ̀sì ń jẹ nǹkan bíi 800 sí 1,000 wáàtì, tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 10 láì sinmi, yúníìtì 8 sí 10 ti lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ fáànù tó ń jẹ bíi 60 wáàtì, wákàtí 10 kan náà, yúníìtì kan ò tiẹ̀ pé. Ìgbà yẹn ló yé mi pé oòrùn ló yẹ kí n kọ́kọ́ dí lọ́nà kí n tó ra AC.

Ó yá, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Tó bá di ago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ wọ yàrá, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan gíláàsì wíńdò kọ̀ọ̀kan àti ògiri, báyìí. Èyí tó bá ń ta yín lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ooru ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní àwọn ti ta kọ́tìnnì síbẹ̀. Kọ́tìnnì dáa, àmọ́ inú ilé ló wà, oòrùn ti gba gíláàsì kọjá kó tó bá a, ooru ti wọlé nìyẹn, kò tún jáde mọ́. Ìta ni kẹ́ ẹ ti dí i. Ẹ wo bí mo ṣe ń ṣe é: mo fa okùn mọ́ irin wíńdò láti ìta, mo wá ta ẹní sí i, mo jẹ́ kó jìnnà sí gíláàsì bí ìbú ọwọ́ kan kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín ẹ̀ kọjá. Tẹ́ ẹ ò bá ní ẹní, aṣọ funfun tó nípọn náà á ṣe é. Mo mọ̀ pé àdìrẹ Ìtòkú ò wọ́n nílé wa, àmọ́ aláró dúdú yẹn máa ń gba oòrùn mọ́ra, inú ilé ni kẹ́ ẹ lo ìyẹn. Wíńdò tó kọjú sí ìlà oòrùn, àárọ̀ lẹ máa dí i, tọ̀sán-án ni ti ìwọ̀ oòrùn.

Ìkejì, nẹ́ẹ̀tì wíńdò. Ẹ wo eruku tó wà lára eléyìí, látìgbà ọyẹ́ ni, atẹ́gùn wo ló fẹ́ gbabẹ̀ wọlé? Ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì, ó parí.

Ìkẹta, tó bá ti di bí ago mẹ́sàn-án alẹ́ tí ìta ti tutù ju inú ilé lọ, ẹ ṣí wíńdò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ wá gbé fáànù onídùúró síwájú ọ̀kan, ẹ kọjú ẹ̀ SÍTA, kì í ṣe sí yín. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ooru inú yàrá ló ń tì jáde, afẹ́fẹ́ tútù á wá gba wíńdò kejì wọlé. Ẹ ṣe é fún bí wákàtí kan, kẹ́ ẹ tó yí i padà sọ́dọ̀ ara yín.

Ìkẹrin ni iṣẹ́ tèmi gan-an. Fáànù sílìn tí kò bá fẹ́ dáadáa mọ́, ẹ má tíì jù ú nù, kàpásítọ̀ ẹ̀, nǹkan kékeré tó ń fún mọ́tò ẹ̀ lágbára láti yí, ló sábà máa ń rẹ̀. Ẹ pa iná láti ibi bírékà, kì í ṣe régúlétọ̀ nìkan o, ẹ jọ̀ọ́, mo ń bẹ̀ yín. Ẹ di ibi rọ́bà súkúrùdíráfà mú, kẹ́ ẹ fi irin ẹ̀ kan ẹsẹ̀ méjèèjì kàpásítọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà torí iná lè ṣẹ́kù sínú ẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà ara ẹ̀, 2.5 µF lèyí tí mo mú dání, irú èyí tẹ́ ẹ bá bá lára tiyín gan-an ni kẹ́ ẹ rà. Tọ́kàn yín ò bá balẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́ iná. Ẹ nu bíléèdì náà. Fáànù tó kọjú sí wa kì í mú yàrá tutù o, òógùn ara wa ló ń gbẹ tí ara fi ń tù wá, torí náà tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ pa á.

Aṣọ tútù tí wọ́n ń ta síwájú fáànù ńkọ́? Ó ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Nígbà òjò, ẹ má dán an wò, omi á kàn pọ̀ sí i nínú afẹ́fẹ́ ni, ara á máa lẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní AC, ẹ fọ fílítà ẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ẹ gbé e sí 26 lórí rìmóòtù, ẹ tan fáànù mọ́ ọn. 16 tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ yẹn ò mú kó yára tutù o, ńṣe ni ò ní sinmi.

Gbogbo ẹ̀ ni mo ṣe sí yàrá ìyá mi. AC wọn ṣì wà lára ògiri, ìgbà tí àlejò bá wá ni wọ́n ń tàn án. Lálẹ́, fáànù nọ́ńbà méjì ni, tílẹ̀ bá ti ń mọ́ bọ̀ wọ́n á pa á, wọ́n á fa aṣọ bora.